Wọ́n Gbé Àpótí Lẹ́tà Aláìṣẹ̀ Lọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ gbọ́ èyí tí wọ́n ṣe ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2012. Ẹnìkan ń kọ lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì sí Yunifásítì Pittsburgh pé bọ́ǹbù wà níbẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀ gba inú kọ̀ǹpútà kan kọjá nínú ilé tí ẹgbẹ́ Riseup àti May First jọ ń lò. Àwọn ẹgbẹ́ yìí kì í wá èrè. Lẹ́tà àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń bá wọn tọ́jú. Làwọn FBI bá gbé odindi kọ̀ǹpútà náà lọ! Àpótí lẹ́tà tó lé ní 300 wọgbó. Ẹ jọ̀ọ́, torí lẹ́tà olè kan, ṣé gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ la ó rù lọ sí téṣàn? Kọ̀ǹpútà ọ̀hún kì í tilẹ̀ kọ orúkọ olùránṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n rọra dá a padà. Oṣù kẹjọ ni wọ́n tó fẹ̀sùn kan bàbá kan, ní Ireland lọ́hùn-ún.