Kọfí tí wọ́n ní ká gbìn yìí, ta ni yóò rà á?

Látìgbà tí owó kòkó ti já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ kọfí ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ láwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Àkànrán. Ní Ìyànà-Ọ̀fà àti Mọ́níyà náà, bákan náà lọmọ ṣorí. Ìbéèrè wọn ò sì ju ẹyọ kan lọ: ṣé ká gé kòkó tó ti ń gbó yìí dànù, ká fi kọfí rọ́pò ẹ̀? Mi ò ní í fọ̀rọ̀ gùn. Ẹ má gé e.

Mo mọ ohun tó wọ̀ wọ́n lójú. Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà New York. Kí ọdún 2025 tó parí, owó náà ti já dé nǹkan bí ìdajì. Ní ti kọfí, oṣù Kejì ọdún 2025 ni Arabica kọjá dọ́là mẹ́rin fún ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, iye tí kò dé rí. Ẹni tí kòkó já kulẹ̀, tó wá gbọ́ irú owó bẹ́ẹ̀, ojú ẹ̀ á lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló gbé owó kọfí sókè? Ọ̀dá òjò ló dá ní Brazil àti Vietnam, àwọn méjèèjì yìí ló sì ń kórè kọfí jù lọ láyé. Bí tiwọn bá bàjẹ́, owó a gòkè. Bí tiwọn bá ṣe dáadáa, a já lulẹ̀. Lọ́dún 1975, òtútù líle kan tó pa igi kọfí ní Brazil ló sọ kọfí di ọ̀wọ́n gógó kárí ayé. Lọ́dún 1989 ẹ̀wẹ̀, àdéhùn táwọn orílẹ̀-èdè fi ń pín iye kọfí tí kálukú á kó jáde dà rú, Vietnam sì ń gbìn ín lọ ràì. Nígbà tó fi máa di 2001, owó kọfí ti bàjẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà pa oko wọn tì. Ẹni tó bá gbin kọfí lónìí, ó tó ọdún bíi mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kórè ẹ̀. Ta ló mọ iye tí wọ́n á máa rà á nígbà náà?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Kí kòkó tó gbilẹ̀, àwọn ará Èkó tó dá oko ńlá sí ìhà Agége gbin kọfí. Bí ọ̀rúndún 19 ṣe ń parí lọ, kọfí Brazil kún ọjà, owó ẹ̀ ṣubú. Ìyẹn wà lára ohun tó mú káwọn bíi J. K. Coker dojú kọ kòkó, àwọn lébìrà oko wọn sì gbé irúgbìn ẹ̀ relé. Ẹ ò rí i pé kọfí ti kọ́kọ́ já àgbẹ̀ kulẹ̀ kí kòkó tó di tiwa.

Mi ò sọ pé kọfí ò lè so nílẹ̀ wa o. Iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó, ìyẹn CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964, wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ níbí. Kọfí wà lára ohun tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí, pẹ̀lú kòkó, obì, kaṣú àti tíì. Wọ́n ń gbin kọfí ní Kàbbà náà. Àmọ́ Arabica tí owó ẹ̀ ń dún yẹn, ilẹ̀ òkè tó tutù bíi Mambilla ló fẹ́. Tiwa níbí, Robusta ni, èyí tí wọ́n sábà fi ń ṣe kọfí inú agolo, owó ẹ̀ sì máa ń kéré sí ti èkejì.

Ta ló wá fẹ́ rà á? Kòkó gbígbẹ, bó jẹ́ àpò kan lẹ gbé dé oríta, ẹ ó rí ẹni tó máa gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ó lè rẹ́ ẹ jẹ nídìí òṣùwọ̀n náà, ṣùgbọ́n ẹ ó gbowó relé. Kọfí ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ́n nìkan lẹ máa ká, ẹ ó sá a gbẹ dáadáa, ẹ ó wá fi ẹ̀rọ bó èèpo ẹ̀ kí kóró tí wọn ò tíì yan tó jáde. Oníṣòwò tó ń kó o lọ sókè òkun ò sì wá àpò méjì. Kọ̀ńténà ló ń wá, ìyẹn nǹkan bí 300 àpò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 60. Abúlé wo ló lè dá a kó jọ?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Ní Ẹgbẹ́dá àti Akínyẹlé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gé oko sí pulọ́ọ̀tì. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gbà á láyè láti gbìn, torí igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ máa ń di ẹjọ́. Ẹni tó bá sì ní òun ń lọ ṣí igbó tuntun, òfin táwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023 ò fàyè gba kòkó tàbí kọfí tó bá wá látorí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó ẹ̀ run lẹ́yìn oṣù Kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ti sún ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú, wọn ò tíì wọ́gi lé e.

Ní Côte d'Ivoire, àjọ kan náà ló ń bójú tó kòkó àti kọfí, ó sì ń kéde iye tí wọ́n máa rà wọ́n lọ́wọ́ àgbẹ̀. Tiwa, ìjọba pa bọ́ọ̀dù rẹ́ lọ́dún 1986. Mi ò sunkún bọ́ọ̀dù náà bó ṣe wà o. Owó tó tọ́ sí àgbẹ̀ ló ń yọ jẹ, ìyẹn sì wà lára ohun tó bí Táfà Adéoyè àtàwọn Àgbẹ́kọ̀yà nínú lọ́dún 1968 sí 1969, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó orí. Ohun tó wù mí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, irú èyí tí Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ṣáájú ẹ̀ ní Ìbàdàn láyé ọjọ́un: káwọn àgbẹ̀ fúnra wọn kó ọjà jọ, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tiwọn, kí wọ́n sì tà á pa pọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ tẹ́ ẹ fẹ́ pín ọ̀gbìn kọfí, ẹ kọ́kọ́ mú ẹni tó máa rà á wá síwájú wa, pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Ẹ gbé ẹ̀rọ tí yóò máa bó èèpo ẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe Ìbàdàn nìkan. Ẹ̀yin àgbẹ̀ náà, ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó jẹ́ tiẹ̀ lè fi igi mélòó kan dán an wò létí oko, kó sì béèrè ọ̀gbìn tó dáa ní Ìdí-Ayùnrẹ́. Ṣùgbọ́n kòkó tó ti ń so, ẹ jẹ́ kó dúró. Ẹ tún un ṣe, ẹ fi ọ̀gbìn tuntun dípò èyí tó ti kú, kẹ́ ẹ sì dá ẹgbẹ́ tí yóò bá yín tà á sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ọ̀hún bá rọ́wọ́ mú lórí kòkó, òun náà ló máa bá yín ta kọfí. Bí kò bá sí ẹgbẹ́, èyí tẹ́ ẹ bá gbìn nínú méjèèjì, oníṣòwò orí òṣùwọ̀n náà ni yóò máa dá iye lé e.