Ibà Tí Kò Lọ: Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Wo Ọkàn

Bí ara bá gbóná nílé wa, kẹ́mísìtì la kọ́kọ́ ń yà sí. Wọ́n á di oògùn ibà àti kápúsù díẹ̀ sínú ọ̀rá fún wa. Bí kò bá lọ, a ó ní táífọ́ọ̀dù ni. Bí ó bá tún kọ̀, àgbo dé. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ibà ló máa ń lọ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì mú wa fọkàn balẹ̀ jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n irú kan wà tó jẹ́ pé inú ọkàn ló ti ń wá. Yóò rọlẹ̀ lónìí, yóò tún dé lọ́la, pẹ̀lú òógùn òru, ara rírù àti àárẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀.

Fáàfù mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, àwọn ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa lọ síwájú láìpadà sẹ́yìn. Kòkòrò lè gba eyín jíjẹrà tàbí ojú ọgbẹ́ wọnú ẹ̀jẹ̀, kí ó bà lé fáàfù, kí ó sì máa jẹ ẹ́. Ẹni tó wà nínú ewu jù ni ẹni tí fáàfù rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, bóyá nítorí ọ̀fun dídùn tí wọn kò tọ́jú nígbà èwe, àti ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù fún. Bí ègé ìdọ̀tí tó so mọ́ fáàfù bá já, ẹ̀jẹ̀ lè gbé e lọ sínú ọpọlọ, ó di rọpárọsẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń fi fáàfù hàn ni ẹ́kò. Ìyá tó ti ṣe síkáànì oyún rí ti mọ irú rẹ̀: ìró tí etí kò lè gbọ́ ló fi ń ya àwòrán. Ní 1953, ní ìlú Lund ní Sweden, Inge Edler àti Hellmuth Hertz yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ irin wò ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì gbé e lé àyà ènìyàn. Ibẹ̀ ni ẹ́kò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ECG ti tó. Bí ọkàn ṣe ń lù ni ìyẹn ń kọ sílẹ̀, kì í fi fáàfù hàn.

Àmọ́ ẹ́kò orí àyà lè má rí ohun kékeré, pàápàá lára fáàfù àtọwọ́dá. Nígbà náà ni dókítà máa ń ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun, kí ó lè wo ọkàn láti ẹ̀yìn. Kò tuni lára, ṣùgbọ́n ó ríran jù. Bí kò bá sì rí nǹkan kan, tí ìfura ṣì wà, wọ́n máa ń tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7.

Àwòrán nìkan kọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní blood culture, kí wọ́n lè mọ kòkòrò náà gan-an. Kápúsù tí a ń gbé mì kiri ló sì ń ba èyí jẹ́: kò lágbára tó láti pa kòkòrò náà tán, ó kàn ń fi í pa mọ́ fún àyẹ̀wò ni.

Bí wọ́n bá tètè rí i, abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lè wò ó. Bí ó bá pẹ́, ó lè di iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, bí ibà bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi kápúsù sílẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí ẹ bá ní àléébù ọkàn, ẹ tètè sọ ọ́ fún dókítà, títí kan dókítà eyín, kí wọ́n tó fọwọ́ kan yín.