Àká Ohùn ni Sinimá Àtijọ́

  Ọ̀rọ̀ sinimá ni mo gbé wá lónìí. Àwọn àgbà fíìmù ni mo ní lọ́kàn, àwọn tí a ti ṣe láti nǹkan bí àádọ́ta tàbí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ní Íńdíà, ní Jàpáànù, ní Sẹ̀nẹ̀gàl àti ní ilẹ̀ tiwa. Ẹnìkan lè béèrè pé, "Kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú fíìmù àwọn ará Jàpáànù?" Ìbéèrè gidi ni, òun gan-an ni mo sì fẹ́ dáhùn.

Èrò tèmi ni pé àká ohùn ni sinimá àtijọ́. Ìwé a máa pa ọ̀rọ̀ mọ́, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ohùn kì í fẹ́ gbé inú ìwé. Ó yẹ kí àwa Yorùbá mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí èdè olóhùn ni èdè wa. A ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kí òǹkàwé má baà pe igbá ní igba, kí ó má sì pe ọkọ̀ ní ọkọ́. Síbẹ̀, àmì wo ni a ó fi sórí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tí inú ń bí, tó ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni pé kò fẹ́ kí ó tán? Báwo ni a ó ṣe kọ ìdákẹ́ bàbá tí ọmọ rẹ̀ já a kulẹ̀? Fíìmù ló ń kó ohùn, ojú, ọwọ́ àti ìdákẹ́ pọ̀ sójú kan, tí yóò sì tọ́jú wọn fún ẹni tí a kò tíì bí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Íńdíà. Ní ọdún 1955 ni Pather Panchali jáde. Satyajit Ray ló darí rẹ̀ ní èdè Bẹ̀ngálì, ìwé ìtàn àròsọ tí Bibhutibhushan Bandyopadhyay kọ ni ó sì gbé e kà. Ray kò tíì darí fíìmù kankan rí. Ayàwòrán ni ní ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù náà ní 1952, kò pẹ́ tí owó fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ohun ọ̀ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ dógò, iṣẹ́ dúró fún oṣù púpọ̀, kí ìjọba West Bengal tó wá gbé owó kalẹ̀ kí ó lè parí rẹ̀. Ray ròyìn lẹ́yìn náà pé ohun mẹ́ta ló bá òun ṣe bí iṣẹ́ ìyanu ní gbogbo àkókò ìdádúró yẹn: ohùn Apu, ọmọdékùnrin inú eré, kò yí padà, Durga, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò dàgbà, ìyá arúgbó náà kò sì kú.

Chunibala Devi ni ìyá arúgbó tí à ń wí. Ó ti tó ọmọ ọgọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì léyín mọ́. Nínú eré náà, ìyá kan tí kò ní ilé tirẹ̀ ni, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí, tí ìyàwó ilé ń fi ojoojúmọ́ pariwo mọ́. Èmi kò gbọ́ Bẹ̀ngálì rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá yẹn bá ń ráhùn lábẹ́lẹ̀, tí ó bá ń kọrin sí ara rẹ̀ lálẹ́, mo mọ ohùn náà. Nínú agboolé Yorùbá, ta ni kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí? Chunibala Devi kú kí fíìmù náà tó jáde. Bí kámẹ́rà Ray kò bá sí níbẹ̀, bí arúgbó obìnrin abúlé Bẹ̀ngálì ṣe ń fi ẹnu tí kò léyín bẹ̀bẹ̀, tí ó sì ń fi ẹnu kan náà bínú, ìbá ti bá a wọ ilẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọjá sí Jàpáànù, níbi tí Yasujiro Ozu ti ṣe Tokyo Story ní 1953. Ìtàn náà kò le. Bàbá àti ìyá àgbà kan gbéra láti ìlú Onomichi, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Tokyo. Ọmọkùnrin wọn jẹ́ dókítà, ọmọbìnrin wọn ń ṣe irun fún àwọn obìnrin. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè fún òbí. Wọ́n ní kí àwọn àgbà méjì náà lọ gbafẹ́ ní Atami, létí òkun, kí ilé lè rọgbọ. Noriko, ìyàwó ọmọ wọn tó ti kú sójú ogun, nìkan ló gba àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ láti mú wọn rìn yíká ìlú.

Chishu Ryu tó ṣe bàbá náà kò ju ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ló fi darúgbó. Ozu gbé kámẹ́rà rẹ̀ sísàlẹ̀, bí ẹni tó jókòó sórí ẹní, tó ń wo àgbà lójú. Ẹ wá tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ohùn ìlú Onomichi ṣì wà lẹ́nu àwọn òbí. Ti Tokyo ni àwọn ọmọ ń sọ. Èdè Jàpáànù ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ní "ẹ" àti "o". Bí ẹ bá fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ kí ìtumọ̀ tó sọ ọ́ fún yín: ìyàwó ilé ń fi ọ̀wọ̀ rọ ọ̀rọ̀ lọ́rùn, ọmọ bíbí inú ń ké e kúrú bí ẹni tí oníbàárà ń dúró dè. Ozu kò bú ọmọ náà, kò sì dá a lẹ́jọ́. Ó kàn jẹ́ kí a gbọ́ ọ ni.

Ìtàn kẹta wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí, òun ló sì sún mọ́ wa jù. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl ni Ousmane Sembène, tí a bí ní 1923. Ó ṣiṣẹ́ ní èbúté Marseille ní ilẹ̀ Faransé, ó sì di òǹkọ̀wé pàtàkì ní èdè Faransé. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí òun ń kọ̀wé nípa wọn kò lè ka ohun tí òun kọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Moscow nígbà tí ó ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún. Ní 1968, ó ṣe Mandabi ní èdè Wolof. Ìtàn Ibrahima Dieng ni: ọkùnrin oníyàwó méjì tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí láti Paris nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Owó dé, ṣùgbọ́n Dieng kò ní káàdì ìdánimọ̀, kò sì lè rí owó gbà. Láti ọ́fíìsì kan sí èkejì ni ó ń rìn, títí tí àwọn gbájú-ẹ̀ fi gba ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ilé, Wolof ni gbogbo wọn ń sọ: ìkíni gígùn, ẹ̀bẹ̀, ìpọ́nni, àti ìbúra àwọn aládùúgbò tí ó gbọ́ pé owó ti dé. Nínú ọ́fíìsì, Faransé ni. Bí Faransé bá ti wọlé, ohùn Dieng a wọlẹ̀. Agbádá rẹ̀ ńlá náà kò sì ràn án lọ́wọ́ mọ́. Kò sí ìwé ẹ̀kọ́ kan tó lè ṣàlàyé ohun tí èdè àjèjì ń ṣe fún ọlá ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti tẹ̀lé òbí rẹ̀ lọ sí ilé ìjọba, tí ó sì rí i bí àgbà ṣe ń di ọmọdé nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Ní báyìí, àwọn kan máa ń sọ pé wàhálà ni kíka ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Wọ́n ní ó sàn kí á fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò ti òṣèré, kí á lè gbádùn eré. N kò ní jiyàn pé ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Fún ọmọdé, àti fún àgbà tí kò kàwé, kí á gbé fíìmù sí èdè Yorùbá dára púpọ̀. Nítorí irú wọn ni Sembène fi lọ kọ́ṣẹ́ sinimá. Ṣùgbọ́n ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú rẹ mọ ìwé, bí a bá gba ohùn kúrò lẹ́nu Chunibala Devi, tí a fi ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin kan rọ́pò rẹ̀, àwòrán nìkan ni a fi sílẹ̀ fún ọ. A ti kó àká, a wá fún ọ ní ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àká náà lè jóná. Ní 1993, iná sọ ní ilé iṣẹ́ kan ní London níbi tí ojúlówó fíìmù Ray wà, ó sì ba Pather Panchali jẹ́ gidigidi. Wọn kò da ohun tó ṣẹ́ kù nù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣẹ́ ní Bologna, ní ilẹ̀ Ítálì, fara balẹ̀ tún un ṣe níwọ̀nba-níwọ̀nba. Apá tí ó jóná kọjá àtúnṣe, a wá a láti inú àwọn ẹ̀dà mìíràn. Ní 2015, fíìmù náà padà sójú ayé, ohùn ìyá arúgbó sì tún ń dún.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Ola Balogun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Hubert Ogunde ṣe Ayé, Jáyésinmi, Àròpin Ń Tènìyàn àti Àyànmọ́ láàárín 1979 sí 1988. Ọfọ̀ tí Ogunde ń pè nínú Ayé, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀ṣẹ́túrá, kì í ṣe ohun tí a lè kà lórí ìwé kí á ní a ti gbọ́ ọ. Ìmí rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ibi tí ó ti ń sáré wà níbẹ̀, àti ibi tí ó ti ń dúró kí ọ̀rọ̀ ó lè wọlé. Lẹ́yìn tí owó náírà já wálẹ̀ ní 1986, fíìmù olójú ńlá wọ́n kọjá agbára àwọn onítíátà, fídíò sì gba ipò. Àwọn páálí fíìmù àtijọ́ di ohun tí à ń tì sí kọ̀rọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin kì í sì í fi irú wọn sílẹ̀: wọn a máa ká kò, wọn a máa rùn bí ọtí kíkan, lẹ́yìn náà wọn a bàjẹ́ tán. Ogunde kú ní 1990, Ade Love ní 1996, Moses Olaiya ní 2018. Ẹnu wọn ti pa mọ́. Bí fíìmù wọn náà bá tún lọ, ibo ni a ó ti gbọ́ wọn?

Ìrètí kò tíì pin. Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní èdè Hausa ní 1976, ti sọnù lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn kí wọ́n tó rí i ní ibi ìkó-fíìmù-pamọ́-sí ní Jos. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Bí ti Hausa bá jí, ti Yorùbá náà lè jí, bí a bá tètè wá a.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo àwọn àgbà fíìmù wọ̀nyí ní ẹ̀ẹ̀mejì: ẹ fi ojú ka ìtumọ̀ ní àkọ́kọ́, kí ẹ fi etí nìkan wo èkejì. Ọkàn yín yóò mọ ohun tí ohùn lè ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí tiwa pẹ̀lú etí tí ẹ ti là yẹn. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ní yunifásítì wa tí ń kọ́ni ní ọfọ̀ àti ewì láti inú ìwé, ó yẹ kí ó béèrè fíìmù wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹbí àwọn tó ṣe wọ́n, kí ó sì san owó ìtọ́jú wọn bí ó ṣe ń san ti ìwé. Àgbà òṣèré tó ṣì wà láyé, ẹ lọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ẹ jẹ́ kí á tẹ́wọ́ gba èyí tí kò tíì balẹ̀.