Bonsai Kì í Ṣe Aràrá Igi

Ọ̀rọ̀ igi ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ orúkọ igi náà ni n ó kọ́kọ́ mú. Láàárín àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pe bonsai ní "aràrá igi". Orúkọ náà dùn lẹ́nu, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Kì í ṣe nítorí èdè nìkan. Mo gbà pé orúkọ yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí igi náà máa kú mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sìn ín lọ́wọ́.

Ẹni tó jẹ́ aràrá, bí Ọbàtálá ti mọ ọ́n nìyẹn. Kò sí ẹni tó gé e kúrú. Bonsai kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ká èso rẹ̀, tí a gbìn ín sí oko, igi ńlá ni yóò hù. Èdè àwọn ará Jàpáánù ni bonsai: "bon" ni àwo pẹrẹsẹ, "sai" ni gbígbìn. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n sì ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ ò rí i pé kò sí kíkúrú nínú orúkọ náà rárá? Bí ẹ bá bi mí, "igi inú àwo" ni èmi yóò máa pè é.

Ìyàtọ̀ wo ni èyí mú wá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tirẹ̀? Ó pọ̀. Ẹni tó bá gbà pé aràrá ni, yóò rò pé ohun gbogbo ní díẹ̀díẹ̀ ni igi náà ń fẹ́: omi díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, àyè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá mọ̀ pé odindi igi ni, yóò kọ́kọ́ béèrè pé: níbo ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń gbé?

Ìbéèrè yìí ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹ wo juniper. Ìta gbangba ni ibùgbé rẹ̀. Ó ń fẹ́ oòrùn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn, ó sì ń fẹ́ òtútù tí yóò fi sinmi lọ́dọọdún. Síbẹ̀, àwọn òǹtajà kan ń tà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́ inú yàrá. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé juniper lè kú tán kí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí olówó rẹ̀ yóò sì máa bomi rin òkú.

Ficus ni mo máa ń dámọ̀ràn fún ẹni tó ń gbé fúláàtì. Kì í ṣe àlejò sí wa. Ẹbí odán ni, odán tí àwọn baba wa ń gbìn sí ojú ọjà àti iwájú ààfin kí ènìyàn lè rí ibòji jókòó sí. Ẹ já ewé kan lára rẹ̀, ẹ ó rí oje funfun bíi wàrà, bíi ti odán gẹ́lẹ́. Éṣíà ni àwọn tí wọ́n sábà ń tà ti wá, àmọ́ ilẹ̀ olóoru náà ni. Nítorí náà, ó lè fara da inú ilé, bí a bá gbé e sí ojú fèrèsé tó mọ́lẹ̀ jù lọ, tí ó sì jìnnà sí ẹ̀rọ amúlé-gbóná. Tèmi ti lo ọdún mẹ́ta ní ojú fèrèsé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e délé, ó wọ́wé púpọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ikú. Àyè tuntun ni kò tíì mọ́ ọn lára. Ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ máa gbé e kiri.

Ó wá ku omi. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, igi oko yóò na gbòǹgbò lọ wá omi. Èyí tó wà nínú àwo dà bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn: ohun tí olówó rẹ̀ bá gbé wá ni yóò jẹ. Ẹ ó rí ìwé pélébé lára igi mìíràn tó ní kí ẹ máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ má gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ òjò kò rí bí ọ̀sẹ̀ oòrùn. Ẹ ti ìka bọ inú erùpẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ti ń gbẹ, ẹ bomi sí i títí omi yóò fi máa jáde ní ihò ìdí àwo, kí ẹ má sì jẹ́ kí àwo náà jókòó sínú omi. Gbòǹgbò ń mí. Èyí tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ tọ̀sán-tòru yóò rà. Ìdí nìyí tí àwọn ará Jàpáánù fi ń lo akadama, amọ̀ oníhóró wẹ́wẹ́ tí omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá, dípò erùpẹ̀ ọgbà tó máa ń dì.

Àwọn kan ní ìwà ìkà ni kí a máa gé igi kí ó má baà ga. Mo bọ̀wọ̀ fún àánú wọn, ṣùgbọ́n ṣé wọn kò rí ewúro ẹ̀yìnkùlé ni? Bí àwọn ìyá wa bá ṣe ń já a ni ó ń rúwé. Ìkà tí èmi mọ̀ ni kí a fi wáyà tọ́ ẹ̀ka, kí a sì gbàgbé rẹ̀ títí yóò fi wọ inú èèpo. Gbòǹgbò náà ni a ń gé, ní bí ọdún méjì-méjì fún ficus tó ṣì kéré. Síbẹ̀, ní ọdún àkọ́kọ́, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, kí ó kọ́ omi ná.

Igi páìnì funfun kan wà ní Washington, ní ọgbà igi ìjọba Amẹ́ríkà, tí ìtọ́jú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1625. Ìdílé Yamaki ní Hiroshima ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí ìlú náà ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1945, nǹkan bíi kìlómítà 3 péré ni igi náà fi jìnnà síbẹ̀. Ògiri ló dáàbò bò ó. Ní 1976, Masaru Yamaki fi í ta Amẹ́ríkà kan náà lọ́rẹ. Ìtàn bọ́ǹbù yìí kò hàn síta títí di 2001, tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá wo igi náà. Omi ni mo máa ń rò jù nínú ìtàn yìí. Oṣù kẹjọ ni, oòrùn ń mú, ìlú ti jó, àwo sì ń gbẹ. Ẹnì kan ti ní láti wá omi fún igi yẹn láàárín àjálù náà.

Bí mo bá ń palẹ̀ ìrìnàjò ilé mọ́ lọ́dún Kérésì, ta ni yóò máa ti ìka bọ inú àwo ni mo kọ́kọ́ ń yanjú, kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ àbúrò mi ni mo ń kọ́ báyìí. Ọdún mẹ́sàn-án ni, ìka rẹ̀ sì ti ń mọ ìyàtọ̀.