Ọjọ́ Mẹ́ta Kò Tó: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ṣe Ìdánwò Ọlọ́pàá

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìkéde ìgbanisíṣẹ́ ọlọ́pàá á jáde, gbogbo group WhatsApp á gbóná. Ní Old Garage níbí l'Óṣogbo, ọwọ́ àwọn tó ń báni fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kò ní dilẹ̀, àwọn onífọ́tò pásípọ́ọ̀tù náà á rí ṣe. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ á pa. Ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sáré. Ó di ọjọ́ tí text bá wọlé pé screening ku ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà yẹn gan-an lẹ ó wá rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń sá láti Old Garage lọ sí Ọláìyá ní aago márùn-ún ìdájí, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ajá ń lé.

Èrò tèmi rèé, mi ò ní fi bò: eré ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ewu rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni ìdánwò yín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró de text ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni

Ẹ má rò pé mo kàn ń dẹ́rù bà yín. Ní oṣù Keje ọdún 2008, wọ́n ṣe ìdánwò okun ara fún àwọn tó fẹ́ wọ iṣẹ́ Immigration àti iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n káàkiri Nàìjíríà. Ó kéré tán, ènìyàn 17 ló kú. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé àwọn kan nínú wọn ṣubú lẹ́nu eré sísá ni, wọn ò sì dìde mọ́. Ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ ni wọ́n. Kò sí èyí tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà pé òun ń lọ kú.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, Immigration tún pe àwọn ènìyàn. Ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn tó san 1,000 náírà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò tó 5,000. Àwọn èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní pápá ìṣeré l'Ábújá, Port Harcourt, Minna àti Benin, ó sì ju ènìyàn 15 lọ tó bá a lọ. Ti ọdún 2014 yìí, ìgbáradì kọ́ ló kù díẹ̀ káàtó. Ètò ni kò dáa, màá sì padà sórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ti ẹni tó ṣubú lẹ́nu eré, sáyẹ́ǹsì ní ohun tó fẹ́ bá wa sọ nípa rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Nínú iṣan wa, àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní mitochondria. Ẹ fi wọ́n wé ààrò: ibẹ̀ ni ara ti ń fi ọ́síjìn sun oúnjẹ di agbára. Tí ààrò bá kéré, ẹ ó tètè rẹ̀ẹ́, bó ti wù kí ọkàn yín le tó. Ní ọdún 1967, ọ̀gbẹ́ni John Holloszy ní Washington University, ìlú St. Louis l'Amẹ́ríkà, mú àwọn eku, ó ń mú wọn sáré lórí ẹ̀rọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Nígbà tó yẹ iṣan wọn wò, agbára ààrò wọn láti lo ọ́síjìn ti di ìlọ́po méjì ti àwọn eku tó kàn jókòó.

Ẹ wo iye àkókò tó gbà: ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Ọkàn náà bẹ́ẹ̀. Ọkàn ẹni tó ti ń sáré fún oṣù kan sí méjì máa ń tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà kì í ní láti sáré lù kìkìkì. Egungun àti ìsopọ̀ eegun ló tún lọ́ra jù láti le, ìdí nìyẹn tí ojúgun àti orúnkún fi máa ń dun ẹni tó bá kù gìrì bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, èyí tó burú jù nínú eré ọjọ́ mẹ́ta nìyí. Tí ẹ bá fi iṣan tí kò ṣiṣẹ́ rí ṣe iṣẹ́ agbára, ó máa ń dunni. Ìrora yẹn kì í le jù lọ́jọ́ náà. Láàrin wákàtí 24 sí 72 ló máa ń le jù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré ní ọjọ́ Ajé nítorí ìdánwò ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ìdánwò gan-an ni itan rẹ̀ máa le gan-gan bí igi. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ooru tún ń bẹ. Nínú agbára tí iṣan ń lò tí a bá ń sáré, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń di ooru. Òógùn la fi ń lé e jáde, òógùn náà kì í sì í ṣiṣẹ́ àfi tó bá gbẹ kúrò lára. Lásìkò òjò, tí afẹ́fẹ́ Òṣogbo bá tutù rinrin, òógùn á kàn máa ro sílẹ̀ ni, ooru á kù sínú. Tí ooru inú ara bá kọjá 40°C, tí ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, ọpọlọ ti wà nínú ewu nìyẹn.

Ẹnìkan á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Nàìjíríà ni wá, oòrùn ti mọ́ wa lára." Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n kéèyàn jókòó síbi tó gbóná yàtọ̀ sí kó sáré níbẹ̀. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí a bá ń ṣe iṣẹ́ agbára nínú ooru kí omi inú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ sí i, kí ara tó kọ́ láti tètè làágùn.

Ẹlòmíì á tún ní, "Bọ̀dá mi kò sáré ọjọ́ kan rí, ó sì yege." Ẹ bi í léèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Alábàárù tó ń ru ẹrù ní Old Garage láti àárọ̀ dalẹ́, lébìrà tó ń po kọnkéré, ọmọ tó ń pọn omi kànga lójoojúmọ́, gbogbo wọn ti ń dánra wò láìmọ̀. Ààrò tiwọn ti ń jó tipẹ́. Ẹni tó parí iléèwé lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó jẹ́ pé fóònù ló ń tẹ̀, tí kì í lọ sí ìta láìgun ọ̀kadà, kò lè fi ara rẹ̀ wé wọn.

Ẹ̀yin tí jínótáìpù yín jẹ́ AS

Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. A máa ń sọ̀rọ̀ jínótáìpù tó bá di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, àmọ́ a kì í dárúkọ rẹ̀ tó bá kan eré ìdárayá. AS kì í ṣe àìsàn, ẹni tó jẹ́ AS lè di ọlọ́pàá, ó lè di ṣójà. Síbẹ̀, tí iṣẹ́ bá pọ̀ lójijì, tí omi gbẹ lára, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ lè tẹ̀ kọrọdọ, iṣan á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, Dale Lloyd, ọmọ ọdún 19 tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Rice University, ṣubú lẹ́yìn ìdánrawò tó le, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. AS ni. Láti ọdún 2010 ni àwọn tó ń darí eré ìdárayá ní yunifásítì Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn eléré ìpele àkọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì, torí òun ló fini lọ́kàn balẹ̀. Ní ọdún 2016, ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó lé ní 47,000. Àwọn AS kò kú ju àwọn yòókù lọ. Ìbàjẹ́ iṣan nìkan ló fi nǹkan bí ìdá 54 nínú 100 pọ̀ sí i lára wọn. Kí ló fà á tí wọn ò fi kú jù? Àwọn tó ṣe ìwádìí náà tọ́ka sí i pé iléeṣẹ́ ológun yẹn ti ní ìlànà fún gbogbo ènìyàn: omi, ìsinmi, kí ara kọ́ ooru díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń dáàbò bo AS náà ló ń dáàbò bo AA. Torí náà, ẹ mọ jínótáìpù yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ní ikọ́ efée, àìsàn ọkàn, tàbí tó jẹ́ SS, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Ọ̀nà àbùjá tí kì í dé ilé

Paraga garáàjì kò fúnni lókun. Ọtí ń gbẹ omi lára ni. Tramadol lè fa gìrì, kó sì dí èémí lọ́wọ́. Oògùn ara ríro bíi ibuprofen, tí ẹ bá lò ó nígbà tí omi kò sí lára, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ sì má fi owó yín ra oògùn gíga. Nínú àwọn ìkéde tó ti ń jáde, ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.67, obìnrin 1.64. Tí eegun bá ti parí dídàgbà, kò sí oògùn tó lè fà á gùn. Ohun tí ìdánrawò lè yí padà ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìyẹn nìkan

Kenneth Cooper, dókítà iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, fi hàn ní ọdún 1968 pé ibi tí ènìyàn bá lè sá dé ní ìṣẹ́jú 12 lè sọ bí ara rẹ̀ ṣe ń lo ọ́síjìn sí. Fóònù yín lè wọ̀n ọ́n. Ẹ wọ̀n ọ́n lópin ọ̀sẹ̀ kejì, ìkarùn-ún àti ìkeje, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì: ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ sáré ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn ìṣẹ́jú méjì, títí tó fi máa pé ìṣẹ́jú 24. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin: ẹ sáré ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ rìn méjì. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà: ẹ sáré ìṣẹ́jú 20 láìdúró, kẹ́ ẹ fi push-up àti ìdìde-jókòó kún un. Ọ̀sẹ̀ keje: ẹ fi eré tó yá díẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ: ẹ dín in kù, kẹ́ ẹ sinmi pátápátá fún ọjọ́ méjì tó ṣáájú ìdánwò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ò tíì sá asápajúdé? Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ sọ gbólóhùn kan bẹ́ ẹ ṣe ń sáré. Tó bá já lẹ́nu yín, ẹ dẹwọ́. Ẹ lọ ní ìdájí, kí ọkọ̀ tó kún títì, torí èéfín Old Garage kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn máa fà sínú. Nelson Mandela Freedom Park wà níbẹ̀. Ẹ mú ẹnìkejì dání.

Tí ẹnìkan bá ṣubú tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má kọ́kọ́ máa wá ọkọ̀ kiri. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu tí kò bá mọ ara. Kí ẹlòmíì máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn bẹ́ ẹ ṣe ń tù ú lára.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń gbani síṣẹ́

Gbogbo ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ọ̀dọ́. Láti ọdún 2019 ni iléeṣẹ́ ọlọ́pàá àti Police Service Commission ti ń fa ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbani síṣẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi ẹ̀tọ́ náà fún Commission. Ó dáa. Ẹni tó gba ẹ̀tọ́ ti gba ojúṣe mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ni kí wọ́n kéde ọjọ́ eré àti irú eré tó jẹ́. Kí wọ́n pín èrò sí ọjọ́ púpọ̀. Kí eré parí kí oòrùn tó mú. Kí omi, ibòji àti dókítà wà ní pápá. Èwo ló wọ́n jù níbẹ̀? Ó dájú pé ẹ̀mí ènìyàn 17 wọ́n jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n títí wọ́n á fi ṣe é, ẹ̀yin lẹ ni ara yín. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í sì í pa arọ tó bá gbọ́n. Tí fọ́ọ̀mù yín bá ti lọ, ẹ wo bàtà yín lálẹ́ òní. Lọ́la ni ọ̀sẹ̀ kìíní.