Ẹ Jẹ́ Kí Àǹtí Charley Sọ Yorùbá

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má bínú o. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, n ó sì sọ ọ́ bó ti rí.

Mo lọ síbi ayẹyẹ ìparí ọdún ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Òrù. Àwọn ọmọ ṣe eré òyìnbó kan tí ń jẹ́ Charley's Aunt. Ọmọkùnrin kan wọ gáùn, ó dé wíìgì, ó ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tíṣà ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá tó ti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè wá jókòó bí ẹni tó wá bá ni kẹ́dùn. Ọ̀kan fọwọ́ tọ́ mi léjìká: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń wí gan-an?" Ojú tì mí.

Eré náà kò burú o. Brandon Thomas ló kọ ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Bury St Edmunds ní oṣù Kejì ọdún 1892. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n sì ṣe é níbẹ̀ ní ìgbà 1,466 láàárín ọdún mẹ́rin. Ní 1893 ó ti dé Amẹ́ríkà.

Àwọn ọmọ Yunifásítì Oxford méjì ló fẹ́ gba àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń fẹ́ lálejò. Láyé ìgbà náà, kò bójú mu bí kò bá sí àgbà obìnrin níbẹ̀. Àǹtí Charley, opó olówó tó ń bọ̀ láti Brazil, kò tètè dé. Ni wọ́n bá wọ aṣọ obìnrin fún ọ̀rẹ́ wọn ọkùnrin! Ká tó ṣẹ́jú, àwọn bàbá àgbà ti ń sáré tẹ̀lé àǹtí ayédèrú. Ibẹ̀ ni àǹtí gidi ti wọlé.

Kí ló jẹ́ ti òyìnbó nìkan níbẹ̀? Àgbàlagbà tó ń lé opó olówó, ṣé kò sí nílé wa ni? Ọkùnrin tó wọṣọ obìnrin, ṣé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ń ṣe é ní Kétu ni? Brazil yẹn ńkọ́? Nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù ń wo eré yìí, àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ ti kọ́lé sí Pópó Àgùdà l'Ékòó. Bí àǹtí yìí bá sọ̀ kalẹ̀ l'Ékòó, ta ni yóò béèrè ibi tó ti wá?

Àwọn ará India kò dúró de ẹnì kan. P. K. Atre sọ eré náà di ti èdè Marathi, ó pè é ní Moruchi Mavshi, àǹtí Moru. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà á bíi tiwọn.

Àwa náà gbìyànjú. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, ọmọ Ìjẹ̀bú, mú eré Gogol ará Rọ́ṣíà, ó fi kọ Who's Afraid of Solarin? Ó mú ti Feydeau ará Faransé, ó fi kọ Midnight Hotel. Wọlé Ṣóyínká mú The Beggar's Opera, eré Lọ́ńdọ̀nù ọdún 1728, ó sọ ọ́ di Opera Wonyosi ní Ifẹ̀ ní 1977. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Gẹ̀ẹ́sì náà ni! Ìyá tó bi mí léèrè ṣì wà níta. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ni Bàbá Sàlá fi pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín.

Àwọn kan á ní àwọn ọmọ ń fi eré kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Kí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì! Òbí ló sanwó ilé-ìwé, ó yẹ kí òbí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ayẹyẹ. Àwọn mìíràn á ní ká pa eré òyìnbó tì pátápátá. Rárá o. Aṣọ òkèèrè ni dàmáàsìkì, àbí a kò wọ̀ ọ́? A rán an ní agbádá ni.

Yunifásítì ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982, kò sì jìnnà sí Òrù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ eré níbẹ̀, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ rán gáùn àǹtí yìí ní ìró àti bùbá. Lọ́dún tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí ìyá yẹn fọwọ́ tọ́ mi léjìká lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, èwo nínú àwọn bàbá wọ̀nyí ni yóò fẹ́ ẹ?"