Ẹ Sọ Owó Ibodè fún Oníbàárà Yúróòpù Kó Tó Sanwó

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń ta òrí, ọṣẹ dúdú àti ìṣápá gbígbẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn èèyàn tó wà ní Yúróòpù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tá a máa ń dákẹ́ lé lórí, òun ló sì ń lé oníbàárà lọ: owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. A fi òrí ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní Jámánì. Ó ti san owó ọjà, ó ti san owó ìfiránṣẹ́. Nígbà tí ẹrù dé, wọ́n ní kó tún mú owó wá kí wọ́n tó gbé e fún un. Inú bí i, ó ní a lu òun ní jìbìtì, ló bá kọ ẹrù sílẹ̀. A dá owó rẹ̀ padà, òrí ò sì padà wálé. A kọ́kọ́ ń bú àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, àwa la jẹ̀bi. A ò sọ fún un tẹ́lẹ̀.

Bó ṣe rí rèé. Láti July 1, 2021, kò sí ọjà tó kéré jù láti san VAT tó bá ti òkèèrè wọ àwọn orílẹ̀-èdè European Union. Jámánì ń gba 19%, Faransé 20%, Hungary 27%. Ní Jámánì, 7% ni ti ọ̀pọ̀ oúnjẹ. Wọ́n sì máa ń ka owó ìfiránṣẹ́ mọ́ ọn. Bí òrí ìpara bá jẹ́ 40 yúrò, tí ìfiránṣẹ́ jẹ́ 30, orí 70 ni wọ́n máa ka 19% lé. Yúrò 13.30 nìyẹn. Iléeṣẹ́ tó gbé ẹrù lè gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e. Owó ibodè tún lè wọ̀ ọ́.

Ìlú Ọba ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn, òfin tiwọn yàtọ̀. Ẹrù tí kò bá ju 135 pọ́n-ùn lọ, ẹni tó tà á ló yẹ kó forúkọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kó sì gba VAT nígbà tó ń tà á. Tó bá jẹ́ orí ìkànnì ọjà ńlá lẹ ti tà á, ìkànnì yẹn ló máa gbà á. Èyí tó bá ju 135 lọ, ibodè ni wọ́n ti ń gba tiẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ẹ sáà kọ 'gift' sí i lára." A ò fara mọ́ ọn o. Ọjà tí wọ́n ti sanwó fún kì í ṣe ẹ̀bùn. Bí wọ́n bá já a, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e, orúkọ oníbàárà yín ló sì wà lára rẹ̀.

Èrò tiwa nìyí. Àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó gbowó, ẹ kọ ọ́ kó hàn gbangba bóyá VAT wà nínú iye tẹ́ ẹ pè tàbí kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ iye ọjà gan-an sínú ìwé ẹrù. Ìkejì, ẹni tó ń ta díẹ̀díẹ̀, kó tà á lórí ìkànnì tó ń bá èèyàn gba VAT. Ìkẹta, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ká kó ọjà wa pọ̀, ká tà á lódindi fún oníṣòwò kan lọ́hùn-ún tó máa fi orúkọ ara rẹ̀ gbà á wọlé, kó máa tà á fún wọn níbẹ̀.

Ọjà á dà bíi pé ó wọ́n díẹ̀ lójú oníbàárà, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iye tó máa san látìbẹ̀rẹ̀ á padà wá rà. Ẹni tí owó bá já lù lójijì kò ní padà wá.

Ẹ̀yin ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín? Ẹ jẹ́ ká gbọ́.